Òdo ni wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà ìrànwọ́ owó: ṣé ọ̀fẹ́ ni lóòótọ́?

Bàbá Ìdòwú béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn wa ní Amẹ́ríkà. Àbígbẹ̀yìn mi fẹ́ wọ yunifásítì ní ọdún ẹ̀kọ́ 2025 sí 2026, èmi nìkan ni mo sì ń gbọ́ bùkátà ilé. A ti kọ FAFSA, fọ́ọ̀mù tí a fi ń béèrè ìrànwọ́ owó ilé-ìwé lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, ilé-ìwé méjì sì ti fi lẹ́tà ìrànwọ́ owó ránṣẹ́. Èkíní jẹ́ ti aládàáni, dọ́là 34,000 ni gbogbo ìnáwó ọdún kan níbẹ̀, ṣùgbọ́n òdo ni wọ́n kọ sí ibi tí ó yẹ kí iye tí a óò san wà. Èkejì jẹ́ ti ìpínlẹ̀ wa, dọ́là 22,000 ni ìnáwó rẹ̀, wọ́n sì ní ó ku dọ́là 8,105 tí a óò wá. Bí èyí tó wọ́n jù ṣe wá di ọ̀fẹ́ ni kò yé mi.

Ohun tó wà nínú lẹ́tà èkíní nìyí: Pell Grant, 7,395, ẹ̀bùn ilé-ìwé, 9,000, Direct Loan, 5,500, Work-Study, 2,500, Parent PLUS, 9,605. Ẹ tún jẹ́ kí n fi kún un pé wọ́n dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́ láìpẹ́ yìí.

Ìyá Mopé fèsì:

Ẹ kú oríire ọmọ, sà. Ẹ má wo òdo yẹn rárá. Wọ́n da ohun tí ẹnikẹ́ni kì í dá padà pọ̀ mọ́ gbèsè, wọ́n wá pe gbogbo rẹ̀ ní ìrànwọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ṣe máa ń ṣe é. Nínú ohun márùn-ún tí ẹ kà sílẹ̀, méjì péré ni ọ̀fẹ́: Pell Grant, tí í ṣe owó ìjọba àpapọ̀ fún ọmọ tí ilé rẹ̀ kò lówó lọ́wọ́, àti ẹ̀bùn ilé-ìwé fúnra rẹ̀. Àpapọ̀ méjèèjì jẹ́ dọ́là 16,395. Bí ẹ bá yọ ọ́ kúrò nínú 34,000, ohun tó ṣẹ́kù, 17,605, ni iye tí ilé-ìwé náà yóò ná yín gan-an.

Direct Loan jẹ́ gbèsè lórúkọ ọmọ. 5,500 yẹn ni iye tó pọ̀ jù tí wọ́n lè yá ọmọ ọdún àkọ́kọ́ tó ṣì wà lábẹ́ òbí. Ìjọba lè bá a ru èlé orí 3,500 nínú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá fi wà nílé-ìwé, ṣùgbọ́n èlé orí ìyókù bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti san owó náà. Work-Study jẹ́ owó iṣẹ́: ọmọ ní láti rí iṣẹ́, kó ṣe é, kí wọ́n tó san án díẹ̀díẹ̀, nítorí náà kò lè san owó tí ilé-ìwé ń béèrè ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà. Parent PLUS ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù, nítorí gbèsè tó wà lọ́rùn ẹ̀yin òbí ni, èlé rẹ̀ kì í dúró de ọjọ́ tí ọmọ bá jáde, wọ́n sì máa ń yọ ohun tó lé ní ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún kí owó tó dé ilé-ìwé. Ẹ lè gba àwọn kan kí ẹ sì kọ àwọn yòókù.

Ṣé gbèsè wà nínú lẹ́tà kejì?

Bàbá Ìdòwú:

Rárá o, Ìyá Mopé. Pell kan náà, 4,000 láti ọ̀dọ̀ ìpínlẹ̀, àti 2,500 ti ilé-ìwé.

Akọ̀wé Owó fèsì:

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tó bọ́ yẹn ló ṣe pàtàkì jù lójú mi, ẹ̀gbọ́n. Owó orí ọdún 2023 ni FAFSA ti ọdún ẹ̀kọ́ yìí ń wò, nítorí náà ilé-ìwé méjèèjì ṣì rò pé owó oṣù yín ń wọlé. Ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì ìrànwọ́ owó ti ọ̀kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n tún un wò. *Professional judgment* ni wọ́n ń pè é, òfin sì fún wọn láyè. Ẹ fi ìwé ìdádúró lẹ́nu iṣẹ́ àti ìwé owó oṣù tó kẹ́yìn há a. Pell yín ti dé òkè téńté fún ọdún yìí, kò lè lé sí i, àmọ́ ẹ̀bùn ilé-ìwé lè lé, nítorí náà ẹ dárúkọ rẹ̀ nínú lẹ́tà. Ohun tí wọ́n bá sọ ni abẹ gé, nítorí ìjọba àpapọ̀ kì í yí ìpinnu wọn padà.

Àrẹ̀mọ fèsì:

Mo gbà pẹ̀lú ìṣirò Ìyá Mopé, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí gbogbo gbèsè di èèwọ̀. Direct Loan nìkan lè gbé ohun tó pọ̀ nínú 8,105 yẹn, ó sì sàn ju kí ọmọ máa ṣiṣẹ́ òru kó sì fìdí rẹmi. Oúnjẹ àti ibùgbé wà nínú 22,000 náà. Bí ilé-ìwé kò bá jìnnà tí ọmọ ń ti ilé lọ, ìnáwó yóò dín kù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé-ìwé lè dín ẹ̀bùn rẹ̀ kù nítorí ìyẹn. Kí ẹ tó yàn, ẹ wo College Scorecard, ìkànnì ìjọba lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ rí iye ọmọ tó ń parí ní ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan àti gbèsè tí wọ́n ń gbé jáde.

Bí ọmọ bá rí ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ mìíràn níta, ẹ bi ilé-ìwé bóyá gbèsè ni wọ́n máa kọ́kọ́ dín kù tàbí ẹ̀bùn tiwọn. Ọjọ́ 1 oṣù karùn-ún ni gbèdéke ọ̀pọ̀ ilé-ìwé fún ọmọ láti sọ pé òun ń bọ̀. Bí owó tí wọ́n fi ń di àyè ọmọ mú kò bá sí lọ́wọ́, ẹ ní kí wọ́n fojú fò ó, wọ́n máa ń ṣe é fún àwọn tó gba Pell.