Ṣé imí-eṣú kan náà ni gbogbo èyí?

Àgbẹ̀Ìyàrà:
Òkun o gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ koríko tí wọ́n ń pè ní imí-eṣú ni. Èyí tó wà láàárín ẹ̀fọ́ mi létí odò ti ga dé ìbàdí, ewé ẹ̀ fẹ̀, ó rọ̀, kò dẹ̀ tíì yọ òdòdó kankan. Àmọ́ níbi tí mo gbin ẹ̀wà sí lójú ọ̀nà Kàbà, orí ilẹ̀ olókùúta yẹn, ìyẹn ò gùn ju ìka mi lọ, ewé ẹ̀ ò pé mẹ́wàá, ó ti yọ òdòdó funfun tán! Mo fọwọ́ ra méjèèjì, òórùn òbúkọ kan náà ni wọ́n ń rùn. Ẹni tá a jọ pààlà ní ẹ̀yà míì nìyẹn, pé màlúù ló kó o wá. Ṣé òótọ́ ni?

ỌmọMọ̀pà:
Bọ̀dá mi, ẹ má dá màlúù lẹ́bi, imí-eṣú fúnra ẹ̀ àlejò ni, apá gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá. Ilẹ̀ ló ń pààrọ̀ ẹ̀. Níbi tí òùngbẹ bá ti ń gbẹ ẹ́, á sáré yọ òdòdó kó lè so kó tó kú, níbi tí omi àti ilẹ̀dú bá wà ara ló máa kọ́kọ́ tò, ó lè ga tó mítà kan. Ẹ tún wo abẹ́ kajú yín, tibẹ̀ á tẹ́ẹ́rẹ́ á máa nà gbọọrọ torí ìmọ́lẹ̀ tó ń wá.

Mọ́mìÌsánlú:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọmọ mi. Kékeré yẹn gan-an ni kó o kọ́kọ́ ro. Èmi náà fojú di í lọ́dún kan, mo ní kí ló fẹ́ ṣe, ìgbà tí òjò ọdún kejì dé mi ò rí ilẹ̀ mọ́, torí èso ẹ̀ fúyẹ́, atẹ́gùn ń gbé e. Tó bá ti yọ funfun má fà á tu kó o wá jù ú sórí ebè o.

OlókoẸ̀gbẹ̀:
@ỌmọMọ̀pà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ilẹ̀, àmọ́ koríko míì wà tó jẹ́ pé ibi tó ti ń hù láti ìran dé ìran ti yí i padà látinú. Ká dán an wò ló dáa. Bọ̀dá, ẹ gba èso méjèèjì, ẹ wọ́n ọn sínú ike méjì, iyẹ̀pẹ̀ kan náà, omi kan náà, ojú oòrùn kan náà. Ẹ má bò ó mọ́lẹ̀ o, ìmọ́lẹ̀ ló ń jẹ́ kó hù. Tí wọ́n bá ga bákan náà, ilẹ̀ ni. Tí ti olókùúta bá ṣì ràrá, a jẹ́ pé ẹni tẹ́ ẹ jọ pààlà rí nǹkan sọ nìyẹn (yàtọ̀ sí ti màlúù).

Àgbẹ̀Ìyàrà:
Ẹ ṣé gan-an. Ti etí odò ò tíì so, mo ń dúró dè é. Mo wọ́n ti olókùúta sínú ike pẹ́ńtì kan lánàá, adìẹ ìyàwó mi ti tú u láàárọ̀ yìí. Mo ń wá nǹkan tí mo máa fi bo ojú ẹ̀ tí oòrùn á ṣì máa wọlé.