Láti Èkó sí Atlanta: wákàtí 7 ni àbí 12?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Àbúrò mi tó wà ní Atlanta ti ra tíkẹ́ẹ̀tì fún Màmá, kí wọ́n lè lọ bá a wẹ ọmọ lóṣù Kẹfà. Bàálù á gbéra l'Ékòó ní 10:30 alẹ́, á sì balẹ̀ ní 5:30 àárọ̀. Wákàtí 7 ni mo kà, àbúrò mi ní 12 ni. Màmá ti lé ní 70, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹsẹ̀ wọn a sì máa wú bí wọ́n bá jókòó pẹ́. Ìgbà wo ló yẹ ká kúrò n'Íléṣà?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú oríire ọmọ tuntun o! Wákàtí 12 ni. Aago Atlanta ni 5:30 yẹn. Lóṣù Kẹfà, wákàtí 5 la fi ṣáájú wọn. Bí Màmá bá ń balẹ̀, 10:30 àárọ̀ ti lù níbí. Bí ẹ bá pè wọ́n ní 5:30 tiwa, orí òkun ni wọ́n ṣì wà. Ká ní oṣù Kejìlá ni, wákàtí 6 ni ìbá jẹ́, torí wọ́n máa ń yí aago wọn padà lọ́hùn-ún.

Ọmọ Ọwá: Ọ̀nà tó lé ní kìlómítà 9,000, ṣé Òṣogbo ni? Bàálù ńlá ń sá tó kìlómítà 900 ní wákàtí kan, àmọ́ afẹ́fẹ́ òkè lọ́hùn-ún, láti ìwọ̀-oòrùn ló ti sábà máa ń fẹ́ wá, ojú ló ń kọ bàálù tó bá ń lọ sí Amẹ́ríkà. Bí Màmá bá ń bọ̀, ẹ̀yìn ni yóò ti máa tì wọ́n, ìrìn náà á sì fi bíi wákàtí kan dín.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun gan-an. Bí a bá kúrò nílé ní aago 2 ọ̀sán ńkọ́?

Bàbá Awakọ̀: Aago 2 kẹ̀! Aago 8 àárọ̀ ni kẹ́ ẹ ti gbéra. Ó yẹ kí wọ́n ti wà ní pápákọ̀ òfurufú ní 7:30 alẹ́. Láti Iléṣà dé Ìbàdàn kò le, Ifẹ̀, Gbọ̀ngán, Ìkirè, Aṣejirè, ẹ ti kọjá. Mọ́wé sí Bẹ́gà ni wàhálà wà. Bó bá bọ́ sí Fúráìdé àkọ́kọ́ nínú oṣù, tí èrò ìsọ́ òru máa ń kún ẹsípírẹ́sì, ẹ lọ sùn l'Ékòó láti ọjọ́ tó ṣáájú.

Nọ́ọ̀sì Wa: Inú báàgì ọwọ́ ni kí oògùn Màmá wà, kì í ṣe inú ẹrù tí wọ́n máa kó sísàlẹ̀ bàálù. Ẹ bá wọn mú ìjókòó ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kí wọ́n lè máa dìde rìn, kí wọ́n sì máa mu omi. Ẹ bi dókítà wọn nípa ìbọ̀sẹ̀ tó ń fún ẹsẹ̀, àti aago tí wọ́n á lo oògùn bí aago bá yí. Ẹ tètè sọ fún ilé iṣẹ́ bàálù pé ẹ nílò kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti àgbàlagbà. Pápákọ̀ Atlanta tóbi, ẹsẹ̀ Màmá ò ní gbà á.

Olùbéèrè: Màmá ní kí n bi yín, ẹran gbígbẹ ńkọ́?

Ìyá Ìbejì: Wọ́n á gbà á lọ́wọ́ wọn o! Kí wọ́n gbé ẹja gbígbẹ, kí wọ́n ṣáà sọ fún kọ́sítọ́ọ̀mù pé ó wà nínú ẹrù.