Olórí ẹbí ta ilẹ̀ l'Ábẹ́òkúta, lọ́yà ń ka ẹjọ́ 1959 fún mi

Ọmọ Ìtòkò (Manchester): Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Ilẹ̀ tí bàbá bàbá wa fi sílẹ̀ lọ́nà Kémta, olórí ẹbí ti ta apá kan níbẹ̀ láì sọ fún ẹnikẹ́ni, àbúrò mi ló kàn lọ bá àwọn bíríkìlà tí wọ́n ń gbẹ́ fáúndéṣọ̀n. Lọ́yà tá a bá n'Ísàbọ̀ ní ká má fòyà, pé ẹjọ́ Ekpendu àti Erika ti yanjú ẹ̀ ní 1959. N ò mọ Ekpendu, n ò mọ Erika, kí ló kan Ẹ̀gbá nínú ẹ̀? Àbí lọ́yà yìí fẹ́ jẹ owó mi ni?

Bọ̀dá Kútọ̀ (Houston): Àǹtí, kò jẹ yín lówó o. Ohun tí kóòtù tó wà lókè bá ti là sílẹ̀, kóòtù tó wà lábẹ́ ẹ̀ ò lè ní òun ò gbọ́, Ìgbò ló pẹjọ́ ni o, Ẹ̀gbá ni o. Federal Supreme Court, kóòtù tó ga jù nílẹ̀ Nàìjíríà nígbà yẹn, ló dá ẹjọ́ yẹn. Wọ́n ní tí olórí ẹbí bá ta ilẹ̀ láì bá àwọn àgbà ẹbí sọ ọ́, títà yẹn ṣì dúró, àfi tí wọ́n bá gba kóòtù lọ fagi lé e. Àmọ́ tó bá jẹ́ àwọn ará ẹbí ló tà á lẹ́yìn olórí, wọn ò tíì ta nǹkan kan. Ẹ rí i pé tiyín ni ti àkọ́kọ́, torí náà ẹ má jókòó sí Manchester kẹ́ ẹ máa bínú, tẹ́ni tó rà á bá fi kan pánù tán, jọ́jì lè ní ẹ ti sùn jù.

Ìyá Ìbejì (Dublin): Tá a bá ti rí ẹjọ́ tó jọ tiwa, ṣé a ti wọlé nìyẹn?

Bọ̀dá Kútọ̀: Rárá o! Lọ́yà ẹni tó rà á ò ní sọ pé Ekpendu ò dáa, kò láyà bẹ́ẹ̀, ohun tó máa sọ ni pé tiyín yàtọ̀: pé olórí ẹbí ló fowó ara ẹ̀ ra ilẹ̀ yẹn, tàbí pé wọ́n ti ṣèpàdé lé e lórí, tàbí pé ẹni tó ń pẹjọ́ kì í ṣe àgbà nínú ìdí igi kankan, ìyẹn agbo àwọn ọmọ ìyá kan. Ibẹ̀ gan-an ni ìjà wà. Kì í sì í ṣe gbogbo ohun tó bá bọ́ lẹ́nu jọ́jì ló ń de ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn, èyí tó gbé ìdájọ́ yẹn dúró nìkan ni.

Ọmọ Ìjẹmọ̀ (Toronto): Ìdí igi tẹ́ ẹ sọ yẹn náà ti dé kóòtù rí. Ogún Suberu Dawodu l'Ékòó ni, ìyàwó 4, ọmọ 9. Jọ́jì àkọ́kọ́ ní kí wọ́n pín in lórí-ò-jorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba ìpín kan náà, ẹjọ́ ọ̀hún rìn títí dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, kóòtù tí ẹjọ́ wa ń parí sí nígbà yẹn, ní 1962 wọ́n ní ìdí igi ni, ọ̀nà 4, ìyàwó kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọmọ tiẹ̀ ọ̀nà kan. Èmi tí ìyá mi bímọ púpọ̀ ò fẹ́ràn ẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n òun ni wọ́n ṣì ń nà síni lójú.

Bọ̀dá Kútọ̀: Àǹtí, ẹ ní kí àbúrò yín ya fọ́tò fáúndéṣọ̀n yẹn, kí lọ́yà kọ̀wé sí ẹni tó ń kọ́lé lọ́sẹ̀ yìí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fún àbúrò yín láṣẹ kó dúró fún yín, ẹ jẹ́ kí notary public tó wà lọ́dọ̀ yín, ẹni tí òfin fún láṣẹ láti jẹ́rìí sí ìwé, fọwọ́ sí ìwé àṣẹ yẹn, power of attorney. Ta ni àgbà nídìí ìyá tiyín?

Ọmọ Ìtòkò: Bọ̀dá mi tó wà ní Ṣàgámù ni. Wọn kì í gbé fóònù.

Bọ̀dá Kútọ̀: Ẹ rán ẹnì kan lọ bá wọn nílé lọ́la.