Ta ló ti gbé preprint síta rí? Ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Onímáíkírò: Ẹ kú ilé o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ kan lórí àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń mú gàrí Ìjẹ̀bú kan. Ọ̀gá mi ní ká fi ránṣẹ́ sí jọ́nà, ìwé àtìgbàdégbà tí àwọn onímọ̀ ń tẹ ìwádìí sí, ká sì panu mọ́. Ọ̀rẹ́ mi ní ká kọ́kọ́ gbé e síta bíi preprint, ìyẹn ìwé ìwádìí tí jọ́nà kò tíì yẹ̀ wò, sórí bioRxiv, ìkànnì àwọn onímọ̀ ohun alààyè, kí gbogbo ayé rí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, láti Àgọ́-Ìwòyè títí dé Ṣàgámù, báwo ló ṣe rí? Ẹ má kọ́ mi níwèé o, ìrírí ni mo fẹ́.

Adé_Bótánì: Èmi ò gbé e síta, ohun tójú mi sì rí nìyí. Ewé kan tí àwọn àgbà fi ń wẹ egbò ni, mo tẹ̀ lé eléwé ọmọ kan wọ igbó lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Igbó títí bàtà mi fi já. Oṣù mẹ́rìnlá ni ìwé náà fi wà lọ́wọ́ jọ́nà. Rìfíúwà kan, onímọ̀ tí jọ́nà ní kó yẹ ìwé wa wò, ní ká fi ẹ̀rọ tún un ṣe, ẹ̀rọ tí a ò ní. A ṣì ń wá ẹni tí yóò yá wa lò ó nígbà tí àwọn kan lókè òkun tẹ irú rẹ̀ jáde. Lálẹ́ ọjọ́ tí mo rí i, kò síná, fóònù tí bátìrì rẹ̀ ti fẹ́ tán ni mo fi ń kà á. Mo kà á dé àwòrán kejì kó tó kú. Àwòrán yẹn àti tiwa, bí ìbejì. N ò sọ pé wọ́n jí i o. Wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé a wà láyé. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. bioRxiv sì ti wà láti 2013, lọ́fẹ̀ẹ́!

Alágẹmọ: Wọn ò jí i kẹ̀? Ẹ bi rìfíúwà yín.

Adé_Bótánì: Ẹ má fi mí sínú ọ̀rọ̀ tí n ò lẹ́rìí sí.

Alágẹmọ: Ẹ̀rí wo ni ẹ ó ní? Ẹ ò gbé e síbi tí ọjọ́ wà lórí rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n_Ìpéru: Ẹ rọra. Bàbá mi ò ní ka owó lójú ọjà láéláé, èmi náà ò ní fi ọbẹ̀ tí kò tíì jinná han àlejò. Ẹ ti gbàgbé 2020? Ìwé kan jáde lórí bioRxiv yẹn náà pé nǹkan HIV wà lára kòkòrò Kòrónà. Àwọn tó kọ ọ́ fà á padà láàárín ọjọ́ díẹ̀, àmọ́ títí oṣù kẹfà ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣì ń fi í ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp.

Ayílábù: Ẹ̀gbọ́n, kí ló jẹ́ kí wọ́n tètè fà á padà? Gbangba ló wà, àwọn onímọ̀ kà á, wọ́n sì pariwo. Ọdún 2020 yẹn náà ni ará Ítálì kan gbé àrùn náà dé Ewékorò, ìpínlẹ̀ Ògùn wa níbí. Àwọn onímọ̀ tó wà ní Redeemer's University ní Ẹdẹ ka àbùdá kòkòrò náà, wọ́n sì gbé e síta ní oṣù kẹta, àkọ́kọ́ láti Áfíríkà. Kì í ṣe preprint gan-an, mo mọ̀, àmọ́ wọn ò dúró de jọ́nà.

Ẹ̀gbọ́n_Ìpéru: Ìyẹn dáa. Ẹ̀gbọ́n mi ò fi ìyẹn ránṣẹ́ ní tiẹ̀.

ÌyáÌbejì_Ṣàgámù: Mo gbé méjì sí medRxiv, irú bioRxiv tó wà fún ìmọ̀ ìṣègùn. Nígbà tí ìgbéga dé, ìgbìmọ̀ ò ka ìkankan sí. Alága fi bírò pupa fa ìlà lé wọn lórí, ó rọra fà á bí ẹni ń rẹ́ ilá, èmi sì jókòó níwájú rẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Ṣùgbọ́n ẹnì kan láti Kẹ́ńyà kọ̀wé sí mi pé ìṣirò tábìlì kẹta mi ò bára mu. Mo yẹ̀ ẹ́ wò: mo ti ka aláìsàn kan lẹ́ẹ̀mejì! Mo tún un ṣe, mo gbé ẹ̀dà kejì sókè. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ ṣì wà níbẹ̀ o, kì í ṣe é pa rẹ́. Ojú máa ń tì mí bí mo bá rí i.

Gàrí_Tútù: Onímáíkírò, gàrí ibo lẹ fi ṣe é? Tó bá jẹ́ ti Rẹ́mọ, ẹ má pè é ní gàrí Ìjẹ̀bú.

ÌyáÌbejì_Ṣàgámù: Kí ló ṣe gàrí Rẹ́mọ?

Gàrí_Tútù: Màmá, obì ni tiyín. Ẹ fi gàrí sílẹ̀ fún wa.

Onímáíkírò: Ẹ jọ̀ọ́ o! Òdògbolú ni, lọ́wọ́ obìnrin mẹ́ta. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi ń jẹ́ kó kan kí wọ́n tó yan án, kòkòrò tó sì pọ̀ jù lọ́jọ́ kejì kọ́ ló ń pọ̀ jù lọ́jọ́ kẹrin.

Alágẹmọ: Ó ti sọ èsì tán fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀gá ẹ ńkọ́? 😂

Ayílábù: Ẹ kọ́kọ́ wo òfin jọ́nà tẹ́ ẹ fẹ́ lò, ọ̀pọ̀ ló gba preprint, àwọn kan ò gbà. Gbogbo ẹni tórúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, ọ̀gá yín náà. Àwọn obìnrin mẹ́ta yẹn ńkọ́, wọ́n mọ̀?

Onímáíkírò: Ìbéèrè yẹn ò jẹ́ kí n sùn. Mo padà lọ sí Òdògbolú lánàá, mo sọ ohun tó wà nínú ìwé náà lédè wa fún wọn. Màmá kejì ní irọ́ ni mo kọ nípa ọjọ́ mẹ́rin, pé nígbà òjò, tí òtútù bá mú, ọjọ́ márùn-ún ni òun ń lò, nígbà míì mẹ́fà. Ọ̀gbẹlẹ̀ nìkan ni mo lọ mú gàrí. Ọ̀gá mi ò tíì mọ̀. Mo ń tún ojú ìwé kẹrin kọ báyìí.

Gàrí_Tútù: Ẹ bá mi ra kóńgò méjì bọ̀ lọ́wọ́ màmá kejì yẹn.