Ibi àjálù tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ: kí lojú yín rí?

Arìnnàkò: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣiṣẹ́ ìrànwọ́ níbi omíyalé, ìmìtìtì ilẹ̀ tàbí ogun, ìgbà wo lẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ dójú tì yín jù?

Bàbá Rédíò: Omíyalé ni tèmi. Omi ò dé ìdí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì rárá o. Díísù ló tán nínú jẹnẹrétọ̀ ẹ̀, ọ̀nà sì ti gé, kò sẹ́ni tó lè gbé òmíràn débẹ̀. Bátìrì gbé e fún wákàtí díẹ̀, òun náà kú. Wọ́n wá fún wa ní fóònù sátẹ́láìtì kan. Ọ̀gá wa gbé e wọ yàrá oníkọnkéré, ó tilẹ̀kùn, ó ń lọgun hẹ́lò, hẹ́lò. Dírẹ́bà ló ní, “Ọ̀gá, ẹ jáde síta, ojú ọ̀run ni nǹkan yẹn ń wò.”

Títí: Ojú ọ̀run ló ń wò 😂😂

Kúnlé_VHF: Tiyín ṣì gbìyànjú. Ọ̀gá tiwa ò tiẹ̀ fa ọ̀pá orí fóònù náà jáde.

Mọ́remí: Ẹ fọ̀gá sílẹ̀, èmi ni kẹ́ ẹ fi ṣẹ̀sín. Mo jókòó lé rédíò ọwọ́ nínú mọ́tò, bọ́tìnnì tá a fi ń sọ̀rọ̀ tẹ̀ sínú, mi ò mọ̀. Mo ń ròyìn ìwà ahun ọ̀gá wa fún dírẹ́bà, gbogbo ìkànnì ń gbọ́. Odidi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹnikẹ́ni ò ráyè sọ̀rọ̀.

Bàbá Rédíò: Háà, àbúrò! Ẹnì kan ṣoṣo ni ìkànnì yẹn ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Torí ẹ̀ la ṣe ń pariwo “over”, ìyẹn “mo ti sọ tèmi tán”, sí yín létí, tẹ́ ẹ ní a ti le jù.

Alátakò: Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kẹ̀? Irọ́. Tiwa, tó o bá tẹ̀ ẹ́ ju ìṣẹ́jú kan lọ, á gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ fúnra ẹ̀.

Mọ́remí: Tiyín ni wọ́n ṣètò bẹ́ẹ̀.

Gbadé: Ẹ̀yin ẹ máa bá rédíò yín lọ. Ní Haiti lọ́dún 2010, lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀, nọ́ńbà 4636 làwọn èèyàn ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí. Kreyòl, èdè wọn, ni wọ́n fi ń kọ ọ́, ọ̀pọ̀ àwọn olùrànwọ́ ò gbọ́ ọ. Àwọn ọmọ Haiti tó wà lókè òkun ló ń túmọ̀ ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Kúnlé_VHF: Ẹ̀gbọ́n, tí òpó bá kú ńkọ́?

Gbadé: Tó bá kú, ó kú. Àmọ́ tó bá wà láàyè tí èrò pọ̀ jù, ìpè ò ní wọlé, àtẹ̀jíṣẹ́ á rọra yọ́ wọlé.

Ṣadé: Ní erékùṣù Tonga ńkọ́, January 2022? Òkè oníná bú, ó já okùn abẹ́ òkun kan ṣoṣo tó so wọ́n mọ́ ayé. Ó lé lóṣù kan kí wọ́n tó tún un ṣe. Sátẹ́láìtì ni wọ́n gbára lé.

Ìyá Abíọ́lá: Èmi ò sí lọ́dọ̀ yín o, inú àgọ́ ni mo wà. Nọ́ńbà ọkọ mi ni wọ́n kọ sílẹ̀, ọkọ mi sì ti wáṣẹ́ lọ, ó mú fóònù dání. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi pín nǹkan lẹ́yìn àgọ́ wa, àtẹ̀jíṣẹ́ ń lọ bá a níbi tó wà. Ọmọdékùnrin kan tó ń ru bíláńkẹ́ẹ̀tì kọjá ni mo bi léèrè kí n tó mọ̀.

Gbadé: Ẹ jọ̀ọ́, ìyá. Èmi gan-an ti kọ irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ rí.

Kúnlé_VHF: Wọ́n ò lo ẹ̀rọ gbohùngbohùn ni?

Ìyá Abíọ́lá: Wọ́n lò ó. Lẹ́nu géètì.

Alátakò: Mọ́remí, mo ti bi àwọn onírédíò wa. Wọ́n ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn ṣeé ṣe.

Mọ́remí: Ó dáa. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni.