Ilé alámọ̀ tí mo rà n'Ìkẹ́rẹ́

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ ní kí ẹni tó bá ti ra ilé àtijọ́ rí sọ ìrírí rẹ̀; ó kàn mí láti sọ tèmi.

Ilé àtijọ́ kékeré ni mo rà n'Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì: yàrá mẹ́ta, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, ògiri alámọ̀ tó nípọn tó ìgbọ̀nwọ́. Bí mo bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, òkè Olósùnta ni mò ń wò. Àwọn ọ̀rẹ́ mi l'Ékòó ní ṣebí ilé etí òkun ló yẹ kí n rà. Mo ní kí iyọ̀ máa jẹ páànù mi, àbí?

Ilé ẹbí ni. Olórí ẹbí tó tà á fún mi ní òun nìkan ló lẹ́nu ọ̀rọ̀. Lọ́yà mi ní irọ́ ni. Bí olórí ẹbí bá dá ilé ẹbí tà, àwọn àgbà ìdí igi yòókù (àwọn ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan ni ìdí igi kan) lè lọ sí kóòtù kí wọ́n dá ọjà náà padà. Bí àwọn náà bá sì tà á láìsí olórí ẹbí, kò tilẹ̀ tà rárá. Baba tó kọ́lé fẹ́ ìyàwó mẹ́ta, ìdí igi mẹ́ta nìyẹn. Ìdí igi kejì, màmá arúgbó kan ṣoṣo ló kù níbẹ̀, Ìsẹ̀-Èkìtì ni wọ́n sì ń gbé.

Mo lọ bá wọn. Wọn ò bèèrè owó. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, bàbá mi ńkọ́?"

Àṣé sàréè bàbá wà ní yàrá ọwọ́ ọ̀tún! Ẹní tí wọ́n tẹ́ sórí rẹ̀ ni mo ti ń tẹ̀ kọjá láti ọjọ́ yìí. A kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé mi ò ní hú u, pé àwọn ọmọ lè wọlé wá kí i nígbàkúùgbà. Ìgbà náà ni Màmá tó tẹ̀ka.

Wọ́n tún kìlọ̀ nípa ìlẹ̀kùn. Igi gedú kan ṣoṣo ni, kò ní àgbékọ́ irin, orí èèkù igi tí wọ́n gbẹ́ mọ́ ọn lára ló ń yí, bí ẹ bá tì í á ké bí ọmọ ewúrẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé ti ń bá oníṣòwò nǹkan àtijọ́ dúnàá-dúrà lórí rẹ̀. Màmá ní kó má lọ bíi ti ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́. Ìlẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére ará Ìsẹ̀, gbẹ́ ni wọ́n ń wí, tó lọ sí ìpàtẹ Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1924, tí kò padà mọ́. British Museum, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Lọ́ńdọ̀nù, ló wà dòní. Àga ọba ni wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀ fún Kábíyèsí. Èmi pa owó ìlẹ̀kùn mọ́ owó ilé, mo kọ ọ́ sínú rìsíìtì.

Sìmẹ́ńtì ni mo wá ṣìṣe lé lórí. Bíríkìlà ní ká fi rẹ́ ògiri kó lè dán. Òjò rọ̀, omi tó wọnú amọ̀ ò rí ọ̀nà jáde. Bí mo bá fi ìka kan ògiri, á dún bí akèrègbè òfìfo, kí oṣù kẹsàn-án tó parí ó ti ń ṣí bí ìpẹ́ ẹja. Bàbá kan ládùúgbò ló bá mi há gbogbo rẹ̀ kúrò, tó fẹsẹ̀ gún yẹ̀pẹ̀ pupa mọ́ ìgbẹ́ màlúù fún ọjọ́ méjì, tó fi tún un rẹ́.

Lóṣù tó kọjá, Màmá wá wo ulé, bí wọ́n ṣe ń pè é. Wọ́n wọ yàrá ọ̀tún, wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n fọwọ́ pa ògiri, wọ́n ní ẹ̀yìn ibẹ̀ ò tíì gbẹ.