Ẹ má jẹ́ kí orílẹ̀-èdè papò dà
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà èdè. Ẹ̀gbọ́n tó dábàá lánàá pé ká máa pe Pólándì àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "transition countries", ní "orílẹ̀-èdè tó ń papò dà", ẹ foríjì mí. Ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, ọba ló ń wàjà, àgbà ló ń papò dà. Bí mo bá sọ fún màmá mi pé bánkì kan yá ẹni tó papò dà lówó, ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ bi mí ni pé ta ni yóò san án.

Bánkì tí à ń wí, Bánkì Yúróòpù fún Àtúnkọ́ àti Ìdàgbàsókè, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1991. Ìgbà náà ni àwọn ará ìlà-oòrùn Yúróòpù ń kúrò nínú ètò tí ìjọba ti ń ni iléeṣẹ́, tó sì ń dá iye lé ọjà, bọ́ sí èyí tí oníṣòwò ń fowó ara rẹ̀ ṣe. Mo dábàá "akájésọ́jà": ẹni tó kó ajé lọ́wọ́ ìjọba lọ sọ́jà. (Ẹni tó bá ní kíká aṣọ lòun gbọ́ níbẹ̀, mo ti gbọ́ tiyín náà.)

"Ìrànwọ́" tí wọ́n fi ń pe owó bánkì yìí gan-an ló ń dùn mí. Ẹni tó gbọ́ ìrànwọ́, ọ̀fẹ́ ló gbọ́. Bánkì yìí kì í ṣe sàráà. Owó èlé ló ń yáni, iléeṣẹ́ aládàáni ló sì ń yá jù. Nígbà míì, á ra ìpín nínú iléeṣẹ́. Bó jérè, wọ́n jọ jẹ ẹ́, bó pàdánù, wọ́n jọ ru ú. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, á ṣe onídùúró kí bánkì ìlú náà má baà bẹ̀rù láti yá oníṣòwò kékeré. Ẹni tó bá ti yáwó nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ní Ìjẹ̀bú mọ ohun tí ojú onídùúró ń rí. Síbẹ̀, kì í ṣe sogúndogójì. "Ìgbéró" ni mo fara mọ́.

Orúkọ fún orílẹ̀-èdè tó ti lè dá dúró láìsí owó bánkì yìí kò le rárá: ó gbòmìnira, bí ọmọṣẹ́ télọ̀. Ṣẹ́ẹ̀kì gbòmìnira lọ́wọ́ bánkì yìí lọ́dún 2007. Àmọ́ nígbà tí Kòrónà dà á láàmú, ó padà sọ́dọ̀ ọ̀gá lọ́dún 2021. Kí lẹ ń pe irú ọmọṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Rẹ́mọ? Ẹ̀yin ará Ṣágámù, ẹ̀yin ló kàn.